Kọ̀ǹpútà Nínú Yàrá Àdúrà

Ọ̀la ni wọ́n máa sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórúkọ lókè òkun, orúkọ kan sì wà tí Ìyé, ìyá mi, fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pè sí ọmọ náà létí. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pè é. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò rí ohun kékeré bíi ojú fóònù mọ́, ó ní nǹkan gbàǹgbà lòun máa fi wo ọmọ-ọmọ òun.

Mo ní kò burú, mo ní kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ l'Ókìtìpupa ni mo rà á. Tí ẹ bá tàn án, ẹ lè jẹ òkèlè púpurú tán kó tó jí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, inú a sì máa bí mi. Ohun tó bá ṣì ń dáhùn tí a bá pè é, kò tíì gbó.

Ọkùnrin tó wá so íńtánẹ́ẹ̀tì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ káàkiri ilé. Kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní pálọ̀, kò rí i nílé ìdáná, àfi lójú fèrèsé yàrá àdúrà Ìyé. Ìyé ní kí ló yà wá lẹ́nu, ṣebí ibẹ̀ lòun ti ń bá ọ̀run sọ̀rọ̀. Ẹnì kan kì í wọ bàtà wọbẹ̀, nítorí náà ọkùnrin náà bọ́ tirẹ̀, òórùn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì borí tùràrí. Kọ̀ǹpútà mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láfẹ́fẹ́, wáyà ló mọ̀, wáyà ọ̀hún sì kúrú. Bí a ṣe gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyé wọ sùtánà, ó jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi yọ gbàǹgbà lójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ìyé dijú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà láti orí Ábúráhámù. Ẹ̀gbọ́n mi ń juwọ́, èmi náà juwọ́ sí i. Ó fọwọ́ kan etí. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé kọ̀ǹpútà mi ò ní kámẹ́rà, kò sì ní ohun tí ń gba ohùn. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò já àdúrà mọ́ àgbà lẹ́nu? Ìyé pe orúkọ náà tagbáratagbára sí ọmọ tí ò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tó lajú, mo jẹ́wọ́. Ó bi mí pé ṣé ohun tí mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé nìyí. Mo fi fóònù pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó gbé tirẹ̀ sí ọmọ létí, mo sì gbé tèmi sí Ìyé lẹ́nu.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò dijú. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí i kó gbàdúrà láìdijú rí. Kò tilẹ̀ dárúkọ Ábúráhámù. Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó rọra pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwòrán náà dúró bí ẹni pé ó ti kú. Nígbà tó yá, ọmọ náà yí orí, ó la ẹnu, ó sì figbe ta.

“Ọma mi gbọ́,” ni Ìyé wí, omi sì ń dà lójú rẹ̀.