Adájọ́ Tí Kì í Rẹ́rìn-ín

Ọjọ́ tí wọ́n gbé adájọ́ wa àkọ́kọ́ lọ sí kóòtù mìíràn, mo sunkún ní gbangba bí ọmọdé. Èmi o, tí gbogbo àdúgbò mi ní Kétu mọ̀ pé ẹnu mi mú bí abẹ! Ọkùnrin náà ṣe jẹ́jẹ́ ni. Tí ìyá mi bá wọlé, á ní kí wọ́n fún wọn ní àga. Á bi wọ́n bóyá omi ò ti pọ̀ jù ní Agboyi kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo ti ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi pé Ọlọ́run ti bá wa ṣe é.

Ohun tó gbé wa dé kóòtù gíga kò ju ilẹ̀ kan lọ, létí odò ní Agboyi, níbi tí ìyá mi ti ń yan ẹja láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bàbá bàbá mi ló fún wọn. Wọ́n pe àwọn àgbà ẹbí jọ, wọ́n fi obì àti ọtí ṣe àdúrà, wọ́n ní kí ìyá mi fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn yí ilẹ̀ náà ká, wọ́n sì gbin pèrègún sí igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn pèrègún yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ìwé ni kò sí. Ìyàwó wo ló máa ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ bàbá ọkọ rẹ̀?

Bàbá àgbà kú, bàbá mi náà kú. Àbúrò bàbá mi wá dìde lọ́jọ́ kan, ó ní ilẹ̀ ẹbí ni, òun fẹ́ tà á fún àwọn tó ń wa yanrìn nínú odò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní “ó”, inú ṣì ń bí mi. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti tọ́ mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Tí ilẹ̀ yẹn bá lọ, kí ni wọ́n á máa ṣe? Kí wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi ní Kétu kí wọ́n máa wo tẹlifíṣàn láti àárọ̀ dalẹ́? Àìsàn ni ìyẹn fún ìyá mi.

Wàhálà dé nígbà tí ìyá mi bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí. Lọ́yà àbúrò bàbá mi bi wọ́n pé, “Mama, ta ló ni ilẹ̀ yìí?” Ìyá mi yíjú, wọ́n rí àbúrò ọkọ wọn níbi tó jókòó sí. Wọ́n bá kúnlẹ̀ nínú àpótí yẹn, wọ́n ní, “Àwọn ọkọ mi ló ni ín, sà. Àwọn ló ni èmi náà.”

Yéè! Ayé mi! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ìyàwó tó mọ̀wà hù tí yóò dúró níwájú ẹbí ọkọ rẹ̀ kó ní “tèmi ni”. Tí ẹ bá yin aṣọ tó wà lọ́rùn ìyá mi, wọ́n á ní ti àwọn ọkọ àwọn ni. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kóòtù ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí òyìnbó, adájọ́ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé adájọ́ kì í bọ́ sórí àga yẹn lọ́wọ́ òfo. Ó ní ohun tó ti gbàgbọ́ tẹ́lẹ̀. Tiwa gbàgbọ́ pé ẹjọ́ tó dáa jù ni èyí tí àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. “Ẹbí kan náà ni yín,” ló máa ń sọ. “Ẹ lọ pín in sí méjì, kí àlàáfíà wà.” Ìyá mi ti ń mi orí pé ó dáa. Èmi náà ti fẹ́ gbà, nítorí ọkùnrin náà ṣèèyàn. Lọ́yà wa ló fà mí sẹ́yìn: “Aunty, apá etí odò ni àwọn yẹn máa mú o. Níbo ni ọkọ̀ ẹja Mummy á gúnlẹ̀ sí?” Mo ní kí ìyá mi má tíì gbà.

Àárín èyí la wà tí wọ́n gbé adájọ́ lọ, tí ẹjọ́ wa sì ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Obìnrin ni adájọ́ tuntun, ojú rẹ̀ gan bí ẹja gbígbẹ. Kò fún ìyá mi ní àga, kò bèèrè omi Agboyi. Lọ́yà wa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé opó ni wọ́n, pé wọ́n ti jìyà púpọ̀. Ó dá a dúró: “Ẹ̀rí ni kí ẹ gbé wá, lọ́yà. Mi ò kì í fi àánú pín ilẹ̀.” Àbúrò bàbá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní ó ti tán fún wa. Mo bú obìnrin yẹn láti ẹnu ọ̀nà kóòtù títí a fi sọ̀ ní Mile 12, kí ìyá mi tó ní kí n pa ẹnu mi dé, pé ọmọ ọlọ́mọ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni.

Lọ́yà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti kọ́ ìyá mi lẹ́kọ̀ọ́. “Mummy, tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ẹ̀yin lẹ ni ín.” Wọ́n sọ ọ́, ó yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu dáadáa. A dé kóòtù, lọ́yà wa bi wọ́n, ojú wọn bá ti àbúrò ọkọ wọn pàdé. Ni wọ́n bá tún kúnlẹ̀! “Àwọn ọkọ mi ló ni ín, sà.”

Lọ́yà wa di orí mú. Lọ́yà àbúrò bàbá mi fò dìde, ó ní ẹjọ́ ti parí, wọ́n ti fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́. Adájọ́ ní kó jókòó. Ó wá bi ìyá mi léèrè fúnra rẹ̀: ta ló fún yín, níṣojú àwọn wo, kí lẹ ṣe lọ́jọ́ náà, ta ló ń lo ibẹ̀ láti ìgbà yẹn? Ìyá mi dáhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, torí kò sí èyí tó ní kí wọ́n gbéra ga nínú rẹ̀. Bàbá apẹja kan, ọ̀rẹ́ bàbá àgbà, tó kù láyé nínú àwọn tó wà níbẹ̀, wá jẹ́rìí sí obì, sí ìrìn yíká náà, àti sí pèrègún.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, ìyá mi jókòó tì mí. Adájọ́ ní iṣẹ́ òun kì í ṣe láti ṣàánú, kì í sì í ṣe láti parí ìjà ẹbí. Ohun tí òfin wí lòun máa sọ. Ó ní òfin wí pé tí wọ́n bá fún èèyàn nílẹ̀ lọ́nà àṣà, níṣojú ẹlẹ́rìí, tó gbà á, tó sì ń lò ó, ẹ̀bùn náà ti pé, kò dìgbà tí ìwé bá wà. Ó ní kíkúnlẹ̀ fún ẹbí ọkọ kì í ṣe ọ̀nà tí òfin mọ̀ láti fi dá ilẹ̀ padà. Bí àánú ò ṣe lè fún ìyá mi nílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀wọ̀ ò lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Gbogbo rẹ̀, láti pèrègún dé pèrègún, tiwọn ni.

Mo figbe ta! Ọlọ́pàá kóòtù ní kí n jáde, mo jáde, ijó ni mo bá jáde. Obìnrin tí mo bú dé Mile 12! Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe ṣàdúrà fún un lọ́jọ́ yẹn. Ojú líle tí mo ń bẹ̀rù ni kò jẹ́ kí wọ́n la ilẹ̀ ìyá mi sí méjì.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ọkọ̀ àwọn awayanrìn gúnlẹ̀ síwájú wa ní Agboyi. Àbúrò bàbá mi ló kó wọn wá, ó rò pé tí ìyá mi bá rí ojú òun, wọ́n á tún gbà fún òun. Ìyá mi nu ọwọ́ wọn, wọ́n kúnlẹ̀: “Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi.” Ọ̀gá awayanrìn wò yíká, ó ní, “Ta gan-an ló ni ibí?”

“Èmi ni,” ni ìyá mi wí. Wọn ò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀. “Èmi ni mo ni ín, n kò sì tà. Ọkọ mi, ṣé kí n di ẹja fún yín lọ sílé?”