Ìjàpá tí Kò Gba Ẹ̀gbẹ́ Sàréè Kọjá

Bí ẹ bá bi èèyàn mẹ́wàá ní Ọ̀fà pé ta ni Ìdrís wẹ́dà, mẹ́sàn-án á júwe ilé rẹ̀ fún yín. Ẹnì kẹwàá, Ìdrís ti bá a jà rí ni. Ọkùnrin kúkúrú ni. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le débi pé ó lè kó ẹ̀yinná lọ́wọ́ kó tún máa bá yín sọ̀rọ̀ lọ.

Fọ́kísíwágìn ayé àtijọ́ kan wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, irú èyí tí à ń pè ní Ìjàpá. Bàbá rẹ̀, Alhaji Abdulganiyu, ló ni ín. Òun ni wọ́n fi gbé ìyá Ìdrís láti Ojoku wá sí Ọ̀fà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tí ọkọ̀ náà kú, Alhaji ò tà á; ó tì í sábẹ́ páànù. Eku ń bímọ sí i, adìyẹ ń yé sí i, wọ́n ní ejò kan tiẹ̀ kọ́ ọkọ̀ wíwà níbẹ̀.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Ìdrís bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Bàbá á gbé àga síwájú páànù lábẹ́ igi ọsàn, á máa pàṣẹ: "Ibẹ̀ kọ́! Ìdrís, ṣé ojú lo dì tí o fi ń jó irin ni?"

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún kẹrin iṣẹ́ náà, bàbá jí, ó ní orí ń fọ́ òun. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti lọ. Ẹ sì mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀. Àwọn tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ ti mú ṣọ́bìrì dání, wọ́n ní, "Àrẹ̀mọ, níbo?" Ìdrís, tí omi ti kún lójú, na ìka sí ibi tí àga bàbá wà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Ìbànújẹ́ sọ Ìdrís di aláṣejù. Ó yọ ẹ́ńjìnnì Ìjàpá dànù, ó fi ti ọkọ̀ Japan kan rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tẹná mọ́ ọn, aṣọ tí wọ́n sá sí Ijagbo, ìlú kejì, já bọ́ lórí okùn. Ó ra táyà tó fẹ̀ bí ọlọ, ó wá jó irin mọ́ mọ́gáàdì lọ́tùn-ún lósì kí ó lè bò wọ́n. Ìjàpá sanra.

Asiata ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Hikmat, ṣé kò tíì tó ni? Alhaja ń dúró."

Lóòótọ́ ni ìyá rẹ̀ ń dúró. Dókítà ti ní ojú Alhaja ò níí pẹ́ kú tán. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ ọmọ rẹ̀ ni pé kí òun jókòó sínú Ìjàpá, kí òun fojú òun rí ọ̀nà Ojoku àti igi igbá méjì tó wà lẹ́bàá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ìdrís, ojú yìí ò níí dúró dè ọ́ o."

"Ẹ ṣe sùúrù, Alhaja mi. Ó ku kíún."

Ó parí ní àárọ̀ Sátidé kan. Alhaja wé gèlè tuntun, ó lé tìróò sí ojú tó ń kú lọ. Ìdrís ṣíná sí ọkọ̀, ó rọra wà á síwájú díẹ̀, ó sì tẹ bíréèkì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo sàréè bàbá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọkọ̀ lè gbà jáde, àárín sàréè àti fẹ́ńsì Habeeb, aládùúgbò wọn, ni. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ìjàpá bí bàbá ṣe fi í sílẹ̀ ì bá kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tí ó sanra yìí ò lè kọjá.

Habeeb yọrí lórí fẹ́ńsì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gun ẹsẹ̀ Alhaji díẹ̀. Wọn ò níí bínú!"

"Habeeb, má jẹ̀ẹ́ n gun tìẹ! Jẹ́ ká wó fẹ́ńsì ẹ díẹ̀."

"Fẹ́ńsì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn?" Orí Habeeb pòórá.

"Kí ló dé tí ẹ dúró?" Alhaja bèèrè látinú ọkọ̀. Asiata ló ṣàlàyé fún un. Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ pa mọ́gáàdì sísanra náà.

"Mi ò níí gun ọkọ mi mọ́lẹ̀. Gé e."

"Alhaja, iṣẹ́ ọdún méjì ni."

"Mo ní kí o gé e."

Iná ọba ò wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ayùn ọwọ́ ni Ìdrís fi gé mọ́gáàdì, ó sì wá táyà tẹ́ẹ́rẹ́ dé Ìlọrin. Ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà á. Lọ́jọ́ kejìlá, Ìjàpá gba ẹ̀gbẹ́ sàréè kọjá, ààyè tún ṣẹ́kù.

Lójú ọ̀nà, Alhaja ní, "Ṣé a ti dé ibi igi igbá méjì yẹn?"

Ìdrís wò ó. Ojú ìyá rẹ̀ là kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà ló kọ ojú sí. Ó sì yé e pé ojú náà ti kú tán.

"A ti dé ibẹ̀, Alhaja."

"Ṣé wọ́n ṣì ga?"

"Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀run."

"Kí ló tún wà níbẹ̀?"

Ìdrís wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọ́n ti gé àwọn igi náà; ilé epo kan ló wà níbẹ̀, àti ọkọ̀ agbépo méjì.

"Àwọn ọmọdé ni," ó dá a lóhùn. "Wọ́n ń juwọ́ sí yín."

Alhaja gbé ọwọ́ sókè, ó ń juwọ́ padà.