Ọkọ̀ Tí Kì Í Mu Omi

Bàbá mi kì í yin èèyàn. Ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ nìkan ló ń yìn. "Ẹ́ńjìnnì tèmi kì í mu omi," ni yóò wí fún ẹnikẹ́ni tó bá yà sí agboolé wa n'Írẹ̀mọ, á sì ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, kí àlejò lè wò ó. Mo rò pé fáàrí lásán ni, bí ẹni tó ń sọ pé òun kì í ṣàìsàn.

Odindi ọdún méjì ni mo fi jókòó sílé lẹ́yìn yunifásítì kí wọ́n tó pè mí fún íńtáfíù n'Íbàdàn. Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń retí mi. Mo fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì. Bàbá mi ní òun ni yóò gbé mi lọ. Aago méje la gbéra. Gbogbo ọkọ̀ ló ń yà wá sílẹ̀. Mo ń wo aago, mo ń gbọn ẹsẹ̀.

"Fara balẹ̀," ni bàbá mi wí. "Ìjàpá kì í sáré, àmọ́ ó ń dé."

Kò dé. Ní Ẹ̀dúnàbọ̀n, ẹ́ńjìnnì gbóná, ó kú. Bàbá mi ṣí i sílẹ̀, ó ní kí atẹ́gùn fẹ́ sí i fún ìdajì wákàtí. Ìdajì wákàtí! Inú bí mi. Bó ṣe wọgbó lọ láti tọ̀, mo sáré tọrọ omi kẹ́tù kan nílé tó wà lẹ́bàá títì. Mo wá ibi tí wọ́n ń rọ omi sí títí. Ihò kan ṣoṣo tó ní ọmọrí ni mo rí. Mo rọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, mo wọnú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó wúkọ́, ó dákẹ́.

Bàbá mi rí kẹ́tù nílẹ̀.

"Kí lo rọ síbẹ̀?"

"Omi ni, sà."

"Ihò ọ́ìlì nìyẹn. Ṣé mi ò sọ fún ẹ pé kì í mu omi ni? Kò níbi tó ń gbà mu ún."

Ojú tì mí bí ẹni tó jalè. Kò bú mi. Ó dá bọ́ọ̀sì dúró, ó tì mí wọnú rẹ̀. "Máa lọ. Wọn ò ní dúró dè ẹ́."

Mo rí iṣẹ́ náà. Mẹkáníìkì ní omi ti ba inú ìjàpá jẹ́, pátì rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́. Adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yé sínú rẹ̀.

Nígbà tí mo ra ọkọ̀ tèmi wálé, èyí tó ní rádíétọ̀ bíi ti gbogbo ayé, bàbá mi jí ṣáájú mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bá a nídìí ọkọ̀, ó gbé kẹ́tù dání.

"Èyí ń mu omi, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Fi ihò rẹ̀ hàn mí," ló wí, "kí n má lọ ṣì í."