Ohun Tí Ìmọ́lẹ̀ Fara Kàn

Ní ilé wa ní Ayégbajú, ẹnikẹ́ni kì í rìnrìn àjò láìjẹ́ pé bàámi gbàdúrà fún un. Wàá kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn á gbọ́wọ́ lé ọ lórí, wọn á sì ro ohun tí ò ń lọ ṣe fún Ọlọ́run kínníkínní. Ibi tí wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ti gbà mí síbi tí wọ́n ti ń fi awò ńlá wo ìràwọ̀ ní Saút Áfíríkà, ọjọ́ kejì ni màá gbéra. Mo kúnlẹ̀. Bàámi gbọ́wọ́ sókè, wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Uṣẹ́ kí lo fẹ́ lọ ṣe gan-an?"

Mo ní gáàsì tó yí àwọn ìràwọ̀ kan ká ni mo fẹ́ wádìí.

"Ṣé o ti débẹ̀ rí?"

"Rárá, bàámi. Kò sẹ́ni tó lè débẹ̀."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé gáàsì wà níbẹ̀? Mi ò lè máa parọ́ fún Olúwa."

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi fẹ́ẹ̀ bó. Inú bí mi: èmi tí mò ń kọ́ odidi kíláàsì ní físíìsì, mi ò lè là á yé bàbá kan ṣoṣo. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín ní kọ̀rọ̀. Mi ò sì lè dìde lọ bẹ́ẹ̀, torí mi ò kúrò nílé láìgba àdúrà yẹn rí.

Ni mo bá mú jígí dúdú tí mo fi ń wakọ̀, irú èyí tó ń dí ìtànṣán, mo fa bàámi lọ sídìí adágún ẹja wọn lẹ́yìnkùlé. Oòrùn ń kọ mànà lójú omi, a ò rí ẹja kankan. Mo fi jígí náà sí wọn lójú.

"Hẹn-ẹn. Eléyìí tó sanra yìí ni mo ti ń wá."

Mo ní kí wọ́n bọ́ ọ, kí wọ́n yí i lóòró, kí wọ́n gba inú ọ̀kan nínú awò rẹ̀ méjèèjì wò. Ìtànṣán dé, ẹja pòórá. Wọ́n yí i padà, ẹja dé. Wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́.

Mo wá sọ fún wọn pé ìmọ́lẹ̀ tó wá tààrà, gbogbo ọ̀nà ló ń gbọ̀n sí. Bó o bá yí awò, bákan náà ló máa rí. Èyí tó ti fara kan nǹkan, bíi ti ojú omi yìí, ọ̀nà kan ló ń gbọ̀n sí jù, awò sì lè dí i. Bí a bá ń yí irú awò yìí níwájú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ náà sì ń pọ̀ tó ń dín, a mọ̀ pé ó ti kọlu nǹkan lọ́nà, bíi gáàsì tí mò ń sọ.

"Ibi tó gbà kọjá ṣì wà lára rẹ̀," ni bàámi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Inú ẹrẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti ní kí n kúnlẹ̀. Wọn ò bọ́ jígí mi.

"Olúwa, ọmọ mi ń lọ wo ìmọ́lẹ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn wá, kó lè mọ ohun tó fara kàn. Òun náà ń lọ sọ́nà jíjìn. Níbi yòówù tó bá dé, jẹ́ kí wọ́n rí ulé yìí lára rẹ̀."

Mo ṣe àmín pẹ̀lú omi lójú. Jígí náà ò padà sọ́wọ́ mi mọ́. Òun ni wọ́n fi ń wo ẹja títí dòní.