Orúkọ Tó Wà Lẹ́bàá Orin

Kí ìyàwó mi tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó ka orin àwọn obìnrin ìdí ẹkù, níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, sí ohun tí ènìyàn ń kọ sínú ìwé. Òun ló kọ́kọ́ gbé káyé, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, àti ẹ̀rọ tí ń gba ohùn kúrò nílé wa ní Ifangni lọ sí Banigbé àti Lagbé, tó ń jókòó ti àwọn ìyá àgbà bí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn. Lẹ́bàá orin kọ̀ọ̀kan, ó máa ń kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti agboolé rẹ̀. Ó ní orin tí a kò mọ olóhun rẹ̀, ọmọ òrukàn ni.

Nígbà ìjọba àwọn ológun tó ń pe ara wọn ní kamaráàdì, lọ́dún tí òjò pẹ́, rédíò ń sọ lójoojúmọ́ pé àwọn àjẹ́ ló ń ba iṣẹ́ ìyípadà jẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn arúgbó obìnrin pé àjẹ́ ni wọ́n. Olùkọ́ ni mí. Dandan ni kí n lọ sí ìpàdé. Níbẹ̀ ni mo ti fi ìyàwó mi yangàn fún delegé, aṣojú ìjọba lágbègbè wa. Mo ní kò sí ìyá àgbà kan lágbègbè wa tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú káyé rẹ̀. Mo tiẹ̀ dárúkọ ọ̀kan ní Banigbé, tí ohùn rẹ̀ dùn jù.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n mú ìyá náà. Wọ́n dá a padà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ṣùgbọ́n kò kọrin mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, delegé ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́sàn-án wá wo káyé. Mo jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi. Kò bá mi jà. Ó mú abẹ, ó jókòó ti iná tó fi ń se ẹ̀wà, ó ń gé ẹ̀bá ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, níbi tí orúkọ wà, sínú iná. Bí orúkọ kan bá fẹ́ wọ iná, á pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kí ènìyàn.

Delegé dé, ó ṣí káyé, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ṣé eku ló jẹ ìwé yín ni? Ta ló ni orin yìí?"

"Àwọn tó ń tẹ epo ni."

"Wọn ò lórúkọ?"

"Ẹ̀yin náà jẹ nínú epo wọn, àbúrò. Ṣé ẹ bèèrè orúkọ?"

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó lọ, ṣùgbọ́n fún oṣù mélòó kan, ó máa ń gbé alùpùpù rẹ̀ dúró níwájú ilé wa. Kì í pa ẹ̀rọ rẹ̀, kì í sì í sọ̀kalẹ̀.

Ìyàwó mi ní òun yóò dá àwọn orúkọ náà padà bí ayé bá rọlẹ̀. Ó ní gbogbo wọn ló wà nínú orí òun. Ayé rọlẹ̀, àìsàn dé. Ó kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti Àjàṣẹ́ báyìí, wọ́n ń bi mí ta ló kọ orin wo. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi ń sun àwọn orúkọ náà, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, tí mò ń ṣọ́ delegé. Gbogbo orúkọ náà ló pè, ketekete. Ṣùgbọ́n ìró alùpùpù ni mò ń tẹ́tí sí. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè sọ fún wọn, èyí tí mo ti sọ fún delegé.