Nígbà Tí Àdúrà Kàn Mí

Ní ọdún 1986, wọ́n gbé iṣẹ́ tíṣà mi láti ilé-ìwé kan ní Odògbolú wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Oṣù kan kò tíì pé tí àlùfáà fi pín ìjọ wa sí ìpàdé ilé, ládùúgbò ládùúgbò. Ó ní ẹni tí kò bá lọ, òun fúnra òun yóò wá mú un nílé. Inú bí mi. Ṣé ọ̀daràn ni mí ni? Ìwé àdúrà ni mo bá dàgbà. N kò fi ẹnu ara mi gbàdúrà sókè lójú ẹnikẹ́ni rí.

Ẹni méje ni a jókòó yíká ní pálọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì. Ó ní kí a máa gbàdúrà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àdúrà ti ń sún mọ́ mi ni òógùn ń bò mí. Nígbà tó kàn mí, mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Gbogbo wọn dijú, wọ́n ń retí mi.

Ni ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá di ọwọ́ mi mú, ó ké "Àmín!" Gbogbo ilé gbè é. Àdúrà kọjá lọ.

Lójú ọ̀nà, mo ní, "Màmá, n kò sọ nǹkan kan o."

Ó ní, "Tíṣà, ọwọ́ ẹ tó ń gbọ̀n yẹn ńkọ́? Òun ni mo ṣe àmín sí."