Ọjọ́ Kan Ṣoṣo Tí Àbúrò Mi Rántí

Èmi kì í ṣe ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í wádìí ẹ̀. Bí aládùúgbò bá tilẹ̀kùn mọ́rí lọ́sàn-án gangan, àfi kí n mọ ohun tó fà á. Nítorí náà, nígbà tí òyìnbó obìnrin kan wá sí ibi tí mo ti ń dirun ní Awendjé, àdúgbò kan ní Libreville ní ilẹ̀ Gabon, tó ní iṣẹ́ òun ni láti mọ ìdí tí ìbànújẹ́ fi ń bá àwọn kan gbélé tó sì ń kọjá lára àwọn mìíràn, inú mi dùn pé mo ti rí ẹnìkejì mi. Àkókò owó epo ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́lé gíga sétí òkun ní Libreville, àwọn èèyàn wa sì ń dé láti Nàìjíríà àti Benin láti wá jẹ nínú ẹ̀. Òyìnbó fẹ́ bi àwọn obìnrin wa ní ìbéèrè. Mo ti gbọ́ Faransé díẹ̀ lẹ́nu àwọn oníbàárà, ni mo bá di ògbufọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe wàhálà lásán. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń sunkún, wọ́n ní àwọn dúpẹ́. Ó bi wọ́n bóyá oúnjẹ ń lọ lẹ́nu wọn, wọ́n ní àwọn dúpẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìbànújẹ́ kò sí láàárín wa. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, Madámù, kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò wo ojú àlejò kó ní nǹkan ò dáa fún òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi kí n máa di irun rẹ̀, kò rí ojú mi, n kò rí tirẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì máa jáde. Láti ọjọ́ náà ló ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn mi, èmi ni mo wá ń béèrè.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ràn jù. A ó ní kí obìnrin náà sọ ọjọ́ kan, ọjọ́ kan péré, tí inú rẹ̀ dùn, àti ọjọ́ kan tí inú rẹ̀ bà jẹ́. Àwọn míì á rò ó títí irun á fi parí, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n wọ̀ àti ọbẹ̀ tí wọ́n sè.

Ó wá kan àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, tí èmi fúnra mi mú wá sí Gabon. Ó ti tó ọdún kan tí kò ta ọjà mọ́, tó kàn ń jókòó. Ọkọ rẹ̀ ń bá àwọn elépo ṣiṣẹ́ ní Port-Gentil, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú u. Ó ní ọ̀lẹ ni ìyàwó òun, pé níparí oṣù òun yóò dá a padà sílé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ méjèèjì yóò dúró lọ́dọ̀ òun. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé àbúrò mi gbà. Ó ní òun ò kúkú wúlò fún wọn.

Mo bi í ní ọjọ́ tí inú rẹ̀ dùn. Ó ní nígbà tí òun wà nílé ni. Ọjọ́ wo? Ó ní ìgbà gbogbo. Ọjọ́ tí inú rẹ̀ bà jẹ́ ńkọ́? Ìgbà gbogbo náà ni. Nígbà tó lọ tán, òyìnbó ṣàlàyé ohun tí òun ń fura sí. Ó ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo kì í rí ọjọ́ kan mú jáde, gbogbo rẹ̀ ti dàpọ̀. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní sọ pé nǹkan náà ló bàjẹ́, á ní òun gan-an ni kò dáa. Èyí tó ṣáájú ni òun ò tíì mọ̀: ṣé ìbànújẹ́ ló ń da ọjọ́ pọ̀ mọ́ èèyàn lójú, àbí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti dàpọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìbànújẹ́ ń rí mú?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí ọbẹ̀ mi bá jóná, sítóòfù ni mo máa ń bú, mo sì lè bú ẹni tó tà á fún mi mọ́ ọn. Bí ti àbúrò mi bá jóná, á ní òun ò mọ nǹkan kan ṣe láyé. Bẹ́ẹ̀, ọmú kan náà la mu. Mo pinnu pé n ó bá a wá ọjọ́ kan jáde kí oṣù tó parí, bóyá á lè lẹ́nu ọ̀rọ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni mo ń tú irun rẹ̀ tí mo tún ń dì í. Mo béèrè ohun tí a jẹ lọ́jọ́ tó dé. Mo béèrè àwọ̀ bàtà tó wọ̀. Kò rántí.

Sátidé tó kẹ́yìn, ọkọ rẹ̀ ti dé, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ó ń dúró dè wá. Mo ní kí àbúrò mi sọ ọjọ́ èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Òjò ń rọ̀. Ẹ wọ búbà aláwọ̀ ewé. Ẹ gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi, ẹ ní kí n nu ojú mi, pé mo ṣì ní méjì."

Mo ti gbàgbé pátápátá. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni nígbà tó kú lọ́dún tó kọjá, a kò tíì sọ ọ́ lórúkọ, bàbá rẹ̀ sì wà ní Port-Gentil. Nílẹ̀ wa, òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ, a kì í sì í fi ibojì hàn án. Èmi àti káfíńtà ará Benin kan la gbé e lọ. A padà dé, a jẹun, kò sì sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ọmọ náà mọ́. Mo rò pé àánú ni mo ṣe é.

"Níbo lẹ gbé e sí?" ni àbúrò mi béèrè.

Òyìnbó bi mí pé kí ló wí. Ẹ̀rù èèwọ̀ ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé kó wọ bàálù láìmọ̀ bà mí jù ú lọ. Mo ní, "PK12 ni, lẹ́yìn ìlú níbí. Lórí ilẹ̀ káfíńtà yẹn, lábẹ́ máńgòrò. A to òkúta yí i ká."

Ó bú sẹ́kún, n kò sì ní kó dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ dìde. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó ní mo ti ṣe ohun tí ẹnì kan kì í ṣe. Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí kò tíì béèrè láti ọdún kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Kí n tó lanu, àbúrò mi ti dá a lóhùn. "Obìnrin ni. Ó jọ yín."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó yẹ kí àbúrò mi wọ bàálù, pápákọ̀ òfúrufú kọ́ ni wọ́n lọ. Táksì la wọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a gba ọ̀nà PK12.